Ìbéèrè Yín: Ṣé ejò Studland ò ní ṣe àwọn ọmọ mi ní jàǹbá?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bournemouth là ń gbé, àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 8, wọ́n ní àfi kí n mú àwọn lọ sí ilẹ̀ heath, ìyẹn ilẹ̀ oníyanrìn tí igbó kúkúrú bò, tó wà létí òkun ní Studland. Ẹnìkan wá sọ fún mi pé ejò pọ̀ níbẹ̀, àtìgbà yẹn làyà mi ti ń já. Ṣé ká lọ? Ìgbà wo ló dáa jù, ṣé a sì lè gbé báàbékiù dání ká fi yan ẹran? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Ẹ mú wọn lọ, ẹ jọ̀ọ́.

Òótọ́ lẹni yẹn sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Oríṣi 6 ni ejò àti aláǹgbá tó jẹ́ ti ilẹ̀ Britain gan-an, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì wà ní agbègbè Purbeck yẹn, àmọ́ nínú wọn, adder nìkan ló lóró. Ìbátan paramọ́lẹ̀ ni, ó ní ìlà wọ́gọwọ̀gọ lẹ́yìn. Mo rí ọ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, ó ká jọ sídìí igi gorse ẹlẹ́gùn-ún, ó ń yá oòrùn, mo dúró, òun náà ò mira, bí mo ṣe ní kí n gbẹ́sẹ̀ báyìí ó ti wọgbó lọ. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn téèyàn ò bá tẹ̀ ẹ́ tàbí kó fọwọ́ kàn án. Ọdún 1975 ló pa èèyàn kẹ́yìn ní Britain. Tó bá ṣèèṣì ṣán ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ pe 999, ẹ má fokùn so ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ má fi abẹ ya á, ẹ má sì fẹnu fa oró.

Eégbọn ló ń ba èmi lẹ́rù ju ejò lọ, torí àwọn kan lára wọn ló ń gbé àìsàn Lyme kiri. Ṣòkòtò gígùn ni kí wọ́n wọ̀, kẹ́ ẹ ki ẹnu ẹ̀ bọ sọ́ọ̀kì, tẹ́ ẹ bá délé ẹ yẹ ẹ̀yìn etí, abíyá àti ìbàdí wọn wò dáadáa.

Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má kúrò lójú ọ̀nà o. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń gbé níbẹ̀. Inú iyanrìn ni sand lizard, ọ̀kan lára àwọn aláǹgbá yẹn, ń ri ẹyin ẹ̀ mọ́. Ẹyẹ nightjar, tó máa ń lọ sí Áfíríkà nígbà òtútù tó sì ń padà dé nínú oṣù karùn-ún, kì í kọ́ ìtẹ́ rárá, orí ilẹ̀ lásán ló ń yé ẹyin 2 sí, ara ẹ̀ sì dà bí igi gbígbẹ débi pé èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ pa kó má mọ̀.

Èmi ò rí ohun tó dùn tó kéèyàn dúró níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ oṣù kẹfà, kílẹ̀ máa ṣú lọ, kí nightjar wá bẹ̀rẹ̀, ohùn ẹ̀ ń lọ kìrrrrr bíi máṣìnnì ìránṣọ tí wọn ò dá dúró, akọ ẹ̀ á tún máa na ìyẹ́ mọ́ra wọn bí ẹni pàtẹ́wọ́! Tó bá jẹ́ òdòdó lẹ fẹ́, oṣù kẹjọ ni, heather, ìyẹn igi kúkúrú tó bo ilẹ̀ níbẹ̀, á yọ òdòdó, gbogbo ilẹ̀ á ní àwọ̀ àlùkò. Ẹ mú wọn dé ibi òkúta Agglestone náà, wọ́n ní èṣù ló jù ú láti Isle of Wight.

Ti báàbékiù, rárá o. Council Dorset ti fòfin dè é lórí àwọn heath yẹn. Gorse àti heather ń gbaná bí epo, aláǹgbá ò sì lè sáré kúrò níbẹ̀. Ní May 2020, iná jó nǹkan bíi hẹ́kítà 220 ní igbó Wareham tí ò jìnnà síbẹ̀, wọ́n sì bá báàbékiù níbẹ̀. Ẹ yan ẹran yín látilé.

Ohun kan ṣì kù, apá kan etíkun Studland wà fáwọn tó ń rìn níhòòhò, pátákó wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí i ẹ yà síbòmíì. Bọ́ọ̀sì 50 ló ń gbéèyàn lọ láti Bournemouth, ó máa wọ ferry ní Sandbanks. Wọ́n máa ń dá ferry yẹn dúró fún àtúnṣe nígbà míì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù kẹ́ ẹ tó jáde.