Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wọlé, ẹ gbé orúnkún kúrò lẹ́yìn ẹ̀

Ìbéèrè yín ni pé báwo ni ọlọ́pàá ṣe máa mọ̀ pé agbára tóun ń lò fún afurasí ti kọjá ohun tó yẹ. Ọwọ́ afurasí ni kí ẹ máa wò. Tí ọwọ́ méjèèjì bá ti wà lẹ́yìn, tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì ti mú wọn, kò sóhun tí agbára tún fẹ́ ṣe níbẹ̀ mọ́, àfi tó bá ṣì ń ta èèyàn nípàá. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀mí máa ń bọ́, torí ara ọlọ́pàá ṣì gbóná.

Òfin ACJA 2015, ìyẹn òfin Nàìjíríà lórí bí wọ́n ṣe ń bójú tó ẹjọ́ ọ̀daràn, kò tiẹ̀ ní kí ẹ máa de gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá mú. Abala 5 ní àfi tí ẹ bá nídìí láti bẹ̀rù pé ó máa jà tàbí pé ó máa sá, tàbí nítorí ààbò òun fúnra rẹ̀, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Ẹni tó ní “ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ”, tó sì ń tẹ̀ lé yín, ẹ jẹ́ kó máa rìn.

Ti ìbàdí ṣòkòtò tá a máa ń gbá mú, tá a ń fà sókè títí èèyàn á fi máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, iṣẹ́ òmùgọ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lófìfo, ojú sì ń tì í láàárín ọjà; ìtìjú yẹn ló ń sọ ẹni tí kò fẹ́ jà di oníjà. Dípò ìyẹn, ọlọ́pàá kan ní apá kan: ọwọ́ kan lókè ìgúnpá, ìkejì lọ́rùn ọwọ́. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni kó máa bá a sọ̀rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dè é, kí ẹ̀yìn ọwọ́ kọjú síra wọn, kí ihò kọ́kọ́rọ́ má kọjú sí ìka. Ẹ ti orí ìka kan bọ àárín irin àti ọrùn ọwọ́. Tí kò bá wọlé, ó ti fún jù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣóńṣó kékeré orí kọ́kọ́rọ́ tẹ títì kejì. Èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Tí ẹ ò bá tì í lẹ́ẹ̀kejì, bó ṣe ń fẹ̀yìn ti ìjókòó ọkọ̀ ni irin á máa fún sí i, á sì tẹ iṣan tó gba ọrùn ọwọ́ lọ sẹ́yìn àtàǹpàkò. Ibẹ̀ lè kú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ìdojúbolẹ̀ ló léwu jù. Kéèyàn tó lè mí, àyà àti ikùn gbọ́dọ̀ ráyè gbéra. Tẹ́ ẹ bá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ oníkùn ńlá, á máa gbé àyà sókè kó lè rí èémí. Ọlọ́pàá á ní “ó ṣì ń jà”, á tún wúwo lé e. Irọ́ sì ni pé ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀ ń mí dáadáa: ìgbà 11 ni Eric Garner, tí ọlọ́pàá dì mú ní Staten Island, ní New York, lóṣù keje 2014, sọ pé òun ò lè mí kó tó kú. Ní Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, May 25, 2020, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ George Floyd. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà béèrè bóyá kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́. Wọn ò yí i, orúnkún ọlọ́pàá sì wà lọ́rùn ẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ, ó sì kú. Pípọ̀ ọlọ́pàá náà kì í ṣe ààbò. Ọlọ́pàá mọ́kànlá ló di Olaseni Lewis mọ́lẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní London lọ́dún 2010; ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó kú.

Nítorí náà, bí irin bá ṣe dún ni kí ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ká orúnkún rẹ̀ kò, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e jókòó. Ẹ má sọ ọ́ sẹ́yìn Hilux ní ìdojúbolẹ̀ kí ẹ wá gbé bàtà lé e. Kí ẹnì kan wà níbi orí rẹ̀ tí kò di nǹkan kan mú, tó kàn ń wo èémí. Tó bá dákẹ́ lójijì lẹ́yìn ìjà, ẹ má sọ pé ó ti gbà. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ wo erìgì, ẹ wo èékánná, bóyá àwọ̀ wọn ti yí padà nítorí àìrí èémí, torí ara dúdú kì í tètè fi hàn lójú. Tí kò bá mí mọ́, ẹ tú u, ẹ dà á dẹ̀yìn, kí ẹ máa tẹ àárín àyà wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíì pe 112.

Ẹ kọ aago méjì sínú ìwé: ìgbà tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọlé, àti ìgbà tí ẹ yí i. Ọ̀gá tó bá mọ iṣẹ́, àárín aago méjèèjì ló máa kọ́kọ́ wò.