Ping ń lọ, fáìlì ò lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ni mo ń bójú tó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbàdàn ni ọ́fíìsì wa àgbà wà, ibẹ̀ náà ni server tí à ń kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà sí wà. Bí mo bá ń gba fáìlì láti Ìbàdàn, kíá ló ń wọlé. Àmọ́ bí mo bá ní kí n fi ránṣẹ́ padà, orúkọ fáìlì á hàn níbẹ̀, inú rẹ̀ á ṣófo, nǹkan á wá dúró gbagidi. Mo ping ibẹ̀ (mo kí i láti mọ̀ bóyá á dáhùn) nígbà 100, ẹyọ kan ò sọnù. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yẹ MTU (ìwọ̀n packet, ìyẹn ẹrù dátà kan, tó tóbi jù tí ọ̀nà lè gbà) wò lórí Windows, kí n tẹ ping -f -l 1472. “Request timed out” ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 100% loss. Mo dín in kù sí 1400, gbogbo rẹ̀ lọ. Mo sọ ọ́ di 1500, ó ní “Packet needs to be fragmented but DF set.” Àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa ní kò sí nǹkan tó ṣe wáyà àwọn. Ọ̀gá mi ti fẹ́ ra router tuntun. Ṣé kí a rà á? T., Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, sọ fún ọ̀gá yín kó fi owó rẹ̀ sápò ná. Wáyà tó ti bàjẹ́ kì í ṣa ẹni tó máa mú báyìí. Tiyín jẹ́ kí 100 kéékèèké kọjá láìmú ọ̀kan, ó wá gbé ńlá mẹ́rin mì nínú mẹ́rin. Nǹkan kan wà lójú ọ̀nà tó ń wọn gígùn ẹrù.

Èsì mẹ́ta tí o rí gbà yẹn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Iye tó o bá tẹ̀, fi báìtì 28 kún un: 20 ti IP tó ń júwe ibi tí ẹrù ń lọ, 8 ti ICMP tí ping àti lẹ́tà àṣìṣe fi ń rìn. 1500 tìrẹ ti di 1528 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 1500 ni Ethernet, wáyà inú ilé yín, lè gbà. Kọ̀ǹpútà rẹ fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́, packet náà ò kúrò lórí tábìlì rẹ. 1400 di 1428, ó dé Ìbàdàn, ó bọ̀. 1472 di 1500 géérégé, ó jáde nílé, ó kú sọ́nà, kò sì sẹ́ni tó kọ̀wé sí ọ pé ó kú. Máa pín àárín 1400 sí 1472 sí méjì-méjì títí wàá fi mọ ibi tó ti ń kọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi fìlà mi ta á pé 1464 á lọ, 1465 ò ní lọ. 1464 àti 28 jẹ́ 1492, ìyẹn ni PPPoE, ọ̀nà tí a ń gbà fi username àti password wọ íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tó bá ti mú báìtì 8 tirẹ̀. Bi wọ́n ní Ìbàdàn bóyá wọ́n tẹ username àti password sínú router wọn kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọlé. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun nìyẹn.

Èyí tó yẹ kó mú ọ ronú ni pé kò sí lẹ́tà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 1990, nínú RFC 1191, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan, ni Jeff Mogul àti Steve Deering ti kọ bó ṣe yẹ kó rí: router tí packet bá tóbi jù fún ọ̀nà iwájú rẹ̀, tí wọ́n sì ti kọ DF sí i lára pé kí ẹnikẹ́ni má gé e, á sọ ọ́ nù, á wá fi ICMP type 3 code 4 ránṣẹ́ sí ẹni tó rán an pé, “1492 lèmi lè gbà.” Sísọnù yẹn gan-an ni àyẹ̀wò náà. Bí lẹ́tà bá dé, kọ̀ǹpútà á gé ẹrù rẹ̀ kúrú, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Bí kò bá dé, á máa tún ẹrù ńlá kan náà rán títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti Ìbàdàn sọ́dọ̀ yín kò sí wàhálà, torí inú ilé wọn ni router tó ń kọ lẹ́tà wà, ẹ̀gbẹ́ server ló ti ń sọ̀rọ̀.

Ta ló wá ya lẹ́tà tìrẹ? Mo fura sí ẹnu ọ̀nà tiyín, ojú mi ló sì ti rí i. Oníbàárà mi kan wà ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́un. Mo rán ọmọkùnrin kan gun òpó lẹ́ẹ̀mejì nínú ọyẹ́, mo pààrọ̀ wáyà láti òkè dé ilẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo tó ka ohun tí èmi fúnra mi kọ sínú firewall Linux wọn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: mo ní kó gba ESTABLISHED (èsì ọ̀rọ̀ tí a ti ń bá ẹnì kan sọ) wọlé, mo gbàgbé RELATED (lẹ́tà ẹlòmíràn tó kan ọ̀rọ̀ náà). Èsì ping ń wọlé torí ẹni tí a kí ló ń dáhùn. Àmọ́ lẹ́tà “ẹrù rẹ ti tóbi jù”, ọwọ́ router kan tí a ò bá sọ̀rọ̀ rí ló ti ń wá, firewall ò mọ̀ ọ́n, ó lé e padà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ọ pé “a ò dí ICMP, ṣebí ping ń lọ”, má dá a lóhùn. Mo dá owó wáyà padà fún wọn ní Dùgbẹ̀. Owó ẹni tó gun òpó, èmi ni mo jẹ ẹ́.

Bí firewall yín bá jẹ́ Linux, wo ìlà náà, kó rí báyìí:

iptables -A FORWARD -m conntrack --ctstate ESTABLISHED,RELATED -j ACCEPT

Lẹ́yìn náà, tún 1472 tẹ̀. Ó ṣì máa sọ pé ó sọnù o, má bẹ̀rù. Wo ọ̀rọ̀ tó kọ: “fragmented” ló yẹ kó o rí báyìí dípò “timed out”. Fi fáìlì ránṣẹ́, á lọ.

Bí firewall bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò fẹ́ gbọ́, ní kí wọ́n fi TCP MSS (ìwọ̀n dátà tí TCP, ìlànà tó ń gbé fáìlì, lè kó sínú packet kan) sí 1452 lórí router Ìbàdàn, ìyẹn 1492 tí a yọ 40 ti IP àti TCP kúrò nínú rẹ̀. TCP nìkan nìyẹn ń ràn lọ́wọ́ ṣá.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó ń lo Linux: ẹ má tẹ -f yẹn síbẹ̀. DF ló jẹ́ lórí Windows, lórí Linux ńṣe ni yóò máa da ping sílẹ̀ bí òjò, á wá dá packet loss tirẹ̀ sílẹ̀. ping -M do -s 1472 ni kí ẹ lò.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mi ò kàn lè fi MTU gbogbo ẹ̀rọ mi sí 1280 kí n sinmi? Olùkàwé, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é, á sì ṣiṣẹ́. 1280 ni iye tó kéré jù tí IPv6, ìran tuntun IP, fàyè gbà, ẹ má lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ packet yín á pọ̀ sí i lórí fáìlì kan náà, àti pé ijọ́ tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé tí ẹ gbàgbé láti yí tirẹ̀, ẹ ó tún kọ̀wé sí mi.