Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Sáà IndyCar 2026 Ti Dé Tán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Látìgbà tí mo ti dárúkọ IndyCar, eré ìje mọ́tò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fìrí lójú ewé yìí lóṣù tó kọjá ni ìbéèrè ò ti jẹ́ n gbádùn, àwọn kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn kan pè, ẹnì kan tiẹ̀ dá mi dúró níbi ìnáwó tí abọ́ mọ́ínmọ́ín wà lọ́wọ́ mi, ó ní àfi kí n ṣàlàyé ohun tó dáa nínú kéèyàn máa yípo lójú kan. Inú mi dùn sí i gan-an ni. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2026 ni wọ́n máa ṣí sáà náà ní St. Petersburg ní Florida, ẹ jẹ́ ká dáhùn èyí tí àyè bá gbà kó tó dọjọ́ náà.

*Ẹ̀gbọ́n, Formula 1 lèmi máa ń wò. Kí ló wá yàtọ̀ nínú ti Amẹ́ríkà yìí? Ṣebí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níta, ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó sínú ẹ̀, ó tán.* (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Àbúrò mi, èyí ló yẹ kó ṣíwájú lóòótọ́. Ní Formula 1, tíìmù kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe mọ́tò tiẹ̀, èyí tó lówó tó sì ní àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló máa ń wà níwájú, o lè mọ mọ́tò wà débi pé gbogbo ayé ń pariwo ẹ, tí èyí tí wọ́n gbé fún ẹ ò bá ti dáa, ẹ̀yìn lo máa wà. IndyCar ò rí bẹ́ẹ̀ jàre. Dallara, ilé iṣẹ́ kan ní Ítálì, ló ń ṣe bọ́dì fún gbogbo wọn pátá, irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2012 náà ni wọ́n ń tún ṣe tí wọ́n ṣì ń lò dòní, ó di 2028 kí tuntun tó dé. Firestone ni gbogbo táyà. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti lè yàn, àbí Honda àbí Chevrolet, àwọn méjèèjì sì rèé, 2.2 lítà, sílíńdà mẹ́fà, tọ́bò méjì. Láti oṣù keje 2024 wọ́n tún fi iná mànàmáná díẹ̀ kún un, tí mọ́tò bá ń dẹ eré, á gba agbára yẹn pamọ́, tí dírẹ́bà bá wá fẹ́ kọjá lára ẹlòmíì á tẹ bọ́tìnì, agbára náà á tú jáde.

Nígbà tí mọ́tò bá ti jọra tó báyìí, ọwọ́ ẹni tó dì í mú lò ń wò. Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ nìyẹn, mi ò sì rò pé mo máa fi sílẹ̀ láyé yìí. Kò tún wá sí power steering nínú ẹ̀ o! Formula 1 ní in, IndyCar ò ní in. Ẹni tó bá ti wa lọ́rì àtijọ́ rí tó fẹ́ fi ẹrù yí kọ́ọ̀nà á mọ ohun tí mò ń sọ, èjìká ẹ á jẹ́rìí ẹ. Wá fi bíi wákàtí méjì kún un, nínú oòrùn Florida, tí atẹ́gùn sì ń tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀ bíi pé wọ́n gbé ẹrù lé e, bẹ́ẹ̀ àárín ògiri kọnkéré lọ̀nà gbà. Apá kan ojú ọ̀nà St. Petersburg tiẹ̀ jẹ́ ibi tí ọkọ̀ òfúrufú ti ń gbéra, ìyẹn pápákọ̀ Albert Whitted, wọ́n máa sá eré àsápajúdé jáde níbẹ̀, wọ́n á wá tẹ búrèkì lójijì kí wọ́n tó já sí títì inú ìlú. Ibi kọ́ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn ni kó o gbájú mọ́.

*Ta ni ká máa wò lọ́dún yìí?* (Ẹnì kan, Cotonou)

Àlex Palou kọ́kọ́ ni, kò sí àríyànjiyàn. Ọmọ Sípéènì ni, tíìmù Chip Ganassi ló ń wà fún. Ó gba ife-ẹ̀yẹ ọdún ní 2021, 2023, 2024 àti 2025, ẹ ṣírò ẹ̀, mẹ́rin nínú ọdún márùn-ún. Lọ́dún tó kọjá nìkan, nínú eré 17 ó gba mẹ́jọ. Àwọn èèyàn ti máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kò tíì gba eré kankan lórí oval rí, ìyẹn ojú ọ̀nà tó rí bí ẹyin, ó wá lọ gba Indianapolis 500 gan-an, eré wọn tó tóbi jù, mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú oṣù karùn-ún 2025, kò sí ọmọ Sípéènì tó ṣe é rí ṣáájú ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ò pariwo rárá, ẹ lè wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ má rí i, kó tó ku díẹ̀ kí eré parí ẹ ó kàn rí i pé òun ló wà níwájú, tí epo ṣì kù sí i nínú, tí táyà ẹ̀ ò sì tíì jẹ tó ti àwọn yòókù.

Ẹni tí ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ní tèmi ni Will Power. Ọmọ Australia. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ tíìmù Penske, láti 2009, ó gba ife fún wọn ní 2014 àti 2022, kò sì sí ẹni tó tíì gba ipò iwájú ìlà lọ́jọ́ ìdánwò eré tó o nínú gbogbo ìtàn IndyCar, ó ti kọjá Mario Andretti tó di àkọsílẹ̀ yẹn mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún yìí ó ti kúrò, ó lọ sí tíìmù Andretti, David Malukas, ọmọdé, ló jókòó sínú mọ́tò nọ́ńbà 12 tó fi sílẹ̀. Ẹ wá gbọ́ o, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1981 ni wọ́n bí Power. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tó máa pé 45 gan-an ló máa kọ́kọ́ sá eré fún tíìmù tuntun. Inú mi á dùn tó bá jáwé olúborí lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ tún wo Pato O'Ward, ọmọ Mẹ́síkò tó ṣe ìkejì lọ́dún tó kọjá, àti Scott Dixon tó ti gba ife mẹ́fà. Mick Schumacher náà ti dé, ọmọ Michael Schumacher, gbajúmọ̀ dírẹ́bà Formula 1 ìjọ́sí, tíìmù Rahal ló gbà á. Kò tíì sá eré lórí oval rí láyé ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ keje oṣù kẹta, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn St. Petersburg, oval Phoenix ni wọ́n ń lọ, ibi tí IndyCar ò dé mọ́ láti 2018.

*Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun lọ wo èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Arlington, ní Texas níbí. Ẹ̀rù ń bà mí o. Ṣé àwọn èèyàn kì í kú nídìí ẹ̀?* (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Houston)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Mi ò ní tàn yín, wọ́n ti kú nídìí ẹ̀. Dan Wheldon kú ní Las Vegas ní 2011. Justin Wilson kú ní 2015, ní Pocono, kì í tiẹ̀ ṣe òun ló kọ lu ẹnikẹ́ni, mọ́tò mìíì ló gbá ògiri níwájú, imú mọ́tò yẹn já, ó fò sókè, ó wá bà á lórí. Irú nǹkan yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbé aeroscreen jáde ní 2020, ike líle tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí wọ́n fi irin titanium gbé dúró yí orí dírẹ́bà ká, ẹ ó rí i lára gbogbo mọ́tò wọn. Ògiri àwọn oval náà ti yàtọ̀ láti 2002 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Indianapolis, irin ni wọ́n tò síwájú tí wọ́n to fóòmù sẹ́yìn ẹ̀, tí mọ́tò bá gbá a, ògiri fúnra ẹ̀ á rọ̀ díẹ̀, ara dírẹ́bà ò ní gba gbogbo ẹ̀.

Ti Arlington tẹ́ ẹ ń sọ, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ni, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní ìlú yẹn, títì tó wà láàárín pápá Cowboys, tíìmù bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, àti ti Rangers, tíìmù baseball, ni wọ́n máa lò. Ògiri àti wáyà gíga ló máa wà láàárín yín àti mọ́tò. Ẹ mú un lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ ra ìbotí tó dáa fún un, èyí tó ń bo gbogbo etí bíi ti àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ńlá, kì í ṣe òwú. Ariwo yẹn le, etí ọmọdé ò sì ní ìpààrọ̀.

*Ọmọ mi tó wà lókè òkun sọ pé ọtí ni wọ́n ń rọ sínú mọ́tò náà. Mo ní kó má parọ́ fún mi.* (Bàbá kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ọmọ yín ò parọ́. Ethanol ni, ọtí inú ògógóró gan-an, àmọ́ tiwọn ò ṣeé mu o. Láti 2023 Shell ló ń pèsè ẹ̀, pàǹtí ìrèké ni wọ́n ti ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Wọ́n sì máa ń rọ epo láàárín eré, èyí tí Formula 1 ti fi òfin dè láti 2010. Ẹ máa wò ó dáadáa: mọ́tò á já wọlé, á dúró, ẹnì kan á ki páìpù atẹ́gùn bọ̀ ọ́ lára, mọ́tò á fúnra ẹ̀ fò sókè lórí jáàkì tó wà nínú ẹ̀, ẹnì kan ti ki túùbù epo bọ̀ ọ́, wọ́n ti ń tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ọ̀tì kan péré ló di táyà kọ̀ọ̀kan mú, kẹ́ ẹ tó sọ pé kí lẹ rí, ó ti bọ́ sílẹ̀, ó ti lọ. Bíi ìṣẹ́jú àáyá méje sí mẹ́jọ ni gbogbo ẹ̀.

Ìtàn epo yẹn ní ìbànújẹ́ nínú ṣá. Ní 1964, bẹntiróòlù ló wà nínú àwọn mọ́tò kan ní Indianapolis, wọ́n kọ lu ara wọn, iná sọ, Eddie Sachs àti Dave MacDonald bá a lọ. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n lọ sí methanol, irú ọtí mìíì tí kò ṣeé mu, torí pé omi lè pa iná ẹ̀. Àmọ́ ojú ò rí iná methanol lójú ọ̀sán. Ní 1981 Rick Mears wọlé wá rọ epo, epo tú sí i lára, ó gbiná. Fídíò ẹ̀ wà níta, ọkùnrin kan lẹ ó rí tó ń fò, tó ń fọwọ́ gbá ojú ara ẹ̀, ẹ ò ní rí iná kankan. Bàbá tó bí i ló gba ẹ̀rọ panápaná tó tú u sí i. Mears yè é, ó sì tún gba Indianapolis 500 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀.

*Ṣé lóòótọ́ ni pé ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n ń yà? Ṣé ìyẹn le ni?* (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Òṣogbo)

Lórí oval nìkan, àwọn yòókù ń yà sọ́tùn-ún ń yà sósì bó ṣe yẹ. Ó le o, àbúrò. Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún tóbi díẹ̀ ju ti òsì lọ lórí oval, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí mọ́tò lè máa fúnra ẹ̀ fà sósì. Torí náà lójú ọ̀nà tó lọ tààrà, dírẹ́bà ò lè sinmi, ó gbọ́dọ̀ di í mú sọ́tùn-ún díẹ̀ kó má bàa lọ. Ní Indianapolis, ìyípo kan jẹ́ máìlì 2.5, wọ́n máa yí i nígbà 200, mọ́tò 33. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wá ipò, ẹni tó bá fẹ́ wà níwájú gbọ́dọ̀ kọjá 230 máìlì láàárín wákàtí, bíi 370 kìlómítà, ìyẹn Èkó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí i díẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ni tọdún yìí, ìkẹ́wàálélọ́gọ́rùn-ún ẹ̀. Ẹni tó bá gbà á, mílíìkì ni wọ́n máa gbé fún un mu, látìgbà tí Louis Meyer ti mu tiẹ̀ ní 1936.

*Mo máa ń wò ó, mi ò rí dúdú níbẹ̀. Ṣé wọn ò gbà wá ni?* (Òǹkàwé wa obìnrin, Peckham, London)

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìgbà kan wà tí wọn ò gbà rárá. Ní Indianapolis gan-an, àwọn tó ń ṣàkóso eré nígbà náà ò fún dúdú láyè, làwọn dúdú bá dá tiwọn sílẹ̀ ní 1924, Gold and Glory Sweepstakes, ọgọ́rùn-ún máìlì lórí iyẹ̀pẹ̀. Charlie Wiggins ni ọ̀gá wọn, mẹ́káníìkì ni, òun fúnra ẹ̀ ló kan mọ́tò ẹ̀, ìgbà mẹ́rin ló gbà á. Ọwọ́ ẹ̀ dáa débi pé àwọn dírẹ́bà aláwọ̀ funfun ń gbé mọ́tò wọn wá fún un láti tún ṣe, bẹ́ẹ̀ wọn ò jẹ́ kó sá eré pẹ̀lú wọn. Ní 1936 mọ́tò ya lu mọ́tò, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan lọ sí i. Ó ń dùn mí nígbàkúgbà tí mo bá rántí. Ọkùnrin tó mọ mọ́tò wà, tó tún mọ̀ ọ́n kàn, ní ìlú tí wọ́n ti ń sá eré tó tóbi jù láyé, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ó di 1991 kí Willy T. Ribbs tó di dúdú àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ eré Indianapolis 500. Láyé ìsinsìnyí, ẹ máa wo Myles Rowe, ọmọ Georgia. Ní 2023 ó gba ife USF Pro 2000, dúdú Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba ife ọdún lójú ọ̀nà tó ń gbé wọn lọ sí IndyCar, lẹ́yìn ẹ̀ ó gòkè lọ sí Indy NXT, ibi tó kàn sí IndyCar gan-an. Owó ló kù, owó oníṣẹ́ tó máa gbé orúkọ sára mọ́tò.

*Aago mélòó nílé?* (Ọ̀pọ̀ yín lẹ bi í)

Aago ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kọ sí ìwé ètò wọn. Fún St. Petersburg àti Phoenix, ẹ fi wákàtí mẹ́fà kún un fún Nàìjíríà àti Benin, ẹ̀yin Tógò àti London ẹ fi márùn-ún. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ni Amẹ́ríkà máa sún aago wọn síwájú, láti Arlington lọ ó di márùn-ún fún Nàìjíríà, mẹ́rin fún London, títí London náà á fi sún tiwọn ní ọjọ́ 29.