Kí ẹ tó kó ọmọ lọ wo ìjàkadì àwọn oníbòjú ní Mexico City

Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò o. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ yín, ọ̀kan ọmọ ọdún 6, èkejì ọmọ ọdún 9, lọ wo ìjàkadì àwọn oníbòjú, tí wọ́n ń pè ní lucha libre, tí ẹ bá dé Mexico City. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó yẹ ọmọdé, àti bóyá kí ẹ sanwó fún amọ̀nà tàbí kí ẹ dá lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kó ìyá àwọn ọmọ mi àtàwọn ọmọ lọ síbẹ̀ láti Houston tí à ń gbé. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́ débi pé ọmọ mi ọkùnrin sunkún títí a fi dé hòtẹ́ẹ̀lì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì ń ròyìn rẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí dòní. Gbọ̀ngàn kan náà ni o. Amọ̀nà wà pẹ̀lú wa nígbà méjèèjì.

Fúráìdè la kọ́kọ́ lọ. Ọmọ ọdún 5 ni ọmọkùnrin náà nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9. Àwọn kan tó ń mú àlejò káàkiri ìlú ni mo sanwó fún, torí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbi ìpolówó wọn pé tọmọdé tàgbà ló lè bá wọn lọ. Ilé ọtí ni wọ́n ní ká ti pàdé. Mo rò pé a kàn fẹ́ kóra jọ níbẹ̀ ni. Wákàtí kan àtààbọ̀ la fi jókòó, tí àwọn ọ̀dọ́ tá a jọ ń lọ ń da ọtí líle mezcal sọ́fun, táwọn ọmọ mi méjèèjì sì ń mi ẹsẹ̀ lórí àga gíga, igo Fanta kọ̀ọ̀kan níwájú wọn. Nígbà tá a fi máa dé Arena México, gbọ̀ngàn ìjàkadì náà, ìjà àkọ́kọ́ ti lọ. Amọ̀nà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ́nu rẹ̀ dùn, pín ìbòjú fún gbogbo wa, ó fi wá sí ìlà kejì sí ríǹgì, pèpéle olókùn tí wọ́n ti ń jà, ó ní ibẹ̀ ni fọ́tò ti máa dáa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. A ò fojú kàn án mọ́.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé orí àwọn ará iwájú làwọn oníjàkadì máa ń já lé. Nínú ìjà kẹta, ọ̀kan gbé ẹnì kejì rẹ̀ gba àárín okùn, ó jù ú síta, ìyẹn sì balẹ̀ sáàárín àwọn àga tó wà níwájú wa gan-an. Àga dojú dé, bíà ẹnì kan dà sára aṣọ òtútù ọmọ mi obìnrin. Ìyẹn ṣì ṣeé fara mọ́. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkùnrin náà padà sórí ríǹgì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìbòjú rẹ̀ ya. Aṣọ náà ń ya díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ etí, ara tó ti pọ́n kankan, tó kún fún òógùn, ń yọ lábẹ́ rẹ̀ nínú iná. Ọmọ mi ò mọ̀ pé aṣọ ni. Ó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó ń pariwo pé, “Daddy, wọ́n ń bó o lójú! Wọ́n ń bó o lójú!” Mo gbé e jáde. Aago mọ́kànlá ti ń lọ lù. Àdúgbò Doctores tí gbọ̀ngàn náà wà kì í ṣe ibi téèyàn ń fi ọmọ rìn kiri lóru, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ta taco la dúró sí títí takisí tí mo pè lórí fóònù fi dé.

Ó dùn mí gan-an, torí ohun tí mo kó àwọn ọmọ lọ wò jẹ́ ohun táwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ń kó ọmọ lọ wò. Ọdún 1933 ni Salvador Lutteroth dá ẹgbẹ́ ìjàkadì tó ń jẹ́ CMLL lónìí sílẹ̀. Ní 1956 ni wọ́n ṣí Arena México, ilé tó ń gba èèyàn tó lé ní 16,000. Ní 2018, ìjọba ìlú náà kéde lucha libre pé ó jẹ́ ara ogún àṣà ìlú. Ẹ máa rí bàbá àgbà tó gbé ọmọ-ọmọ lé ejìká, tí ìbòjú méjèèjì jẹ́ àwọ̀ kan náà. Ìrìn tí wọ́n mú wa rìn ni kì í ṣe ti ọmọdé.

Torí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi amọ̀nà kí ẹ tó fowó sílẹ̀. Níbo la ti máa pàdé, ṣé ọtí máa ṣáájú? Ìlà wo lẹ máa fi wá sí? Ṣé ẹ̀ẹ́ jókòó tì wá títí ìjà fi máa parí, tí ẹ ó sì bá wa wá takisí? Ẹni tó bá ń lọ́ tìkọ̀ lórí ìkẹta, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì wo “gbogbo ẹbí lè wá” tí wọ́n kọ síbẹ̀, èmi wò ó, ẹ ti gbọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Lọ́dún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ padà lọ. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ní Houston ló ń sọ ọ́ fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, Sọ́ńdè ni mo mú, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n máa ń jà ní Túsìdeè àti Fúráìdè náà, àmọ́ alẹ́ ni, èrò Fúráìdè sì wá fún fàájì àti ọtí. Ti Sọ́ńdè lẹ máa rí ọmọ wẹ́wẹ́ bí omi, ẹ ó sì ti padà dé hòtẹ́ẹ̀lì kí oorun tó gbé wọn.

Èmi ni mo ṣàlàyé ìbòjú fún un kí a tó kúrò nílé. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, àdúgbò tí eégún ti ń jáde ni mo dàgbà sí. Mo mọ bó ṣe máa ń rí láti kékeré kéèyàn rí ẹni tó wọ ẹ̀kú, kí ó sì fura pé òun mọ ìrìn yẹn, síbẹ̀ kí ó má ṣe jẹ́ la ẹnu pe orúkọ. Mo sọ fún ọmọ mi pé ti Mẹ́síkò kì í ṣe ará ọ̀run, eré ìdárayá ni, àmọ́ wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìbòjú débi pé ẹni tó bá bọ́ ti ẹlòmíràn nínú ìjà lásán ti jẹ̀bi, rẹfirí á lé e kúrò nínú ìdíje náà. Ìjà kan wà tó jẹ́ pé ìbòjú gan-an ni wọ́n fi ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á bọ́ tirẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, á sọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú tí wọ́n ti bí i, ìbòjú yẹn ò sì ní pa dà sójú rẹ̀ mọ́. El Santo, tó gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo wọn, kò pàdánù tirẹ̀ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1984 ló ṣí i díẹ̀ sókè lórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó kú ní oṣù kejì ọdún yẹn, wọ́n sì sin ín pẹ̀lú ìbòjú fàdákà rẹ̀ lójú. Ọmọ mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Ìyẹn ni pé aṣọ ni wọ́n ń fà ya ọjọ́sí.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún méjì gbáko ló fi gbé ìyẹn sínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún tiyín ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìbòjú, kí wọ́n fa okùn ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n wọ̀ ọ́, kí wọ́n bọ́ ọ.

Amọ̀nà kejì yìí, ìyá ọlọ́mọ ni. Ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta torta, búrẹ́dì tí wọ́n ki nǹkan sí láàárín, ló ní ká ti pàdé, ní aago mẹ́ta àtààbọ̀. Ó to ẹ̀pà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kan àwo, ó to ọ̀rá ṣúgà mẹ́ta sí ìkejì, ó ní ẹ wò ó, ẹni mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń jà. Àwọn ẹ̀pà ni rudo, àwọn tó ń rú òfin, tó ń fi ìka gúnni lójú tí rẹfirí bá kọ̀yìn. Àwọn ṣúgà ni técnico, àwọn tó ń jà bó ṣe yẹ, tí wọ́n máa ń gorí okùn fò bí àṣá. Ẹ̀pà tó tóbi jù ni balógun wọn. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀yìn balógun balẹ̀, tàbí ti àwọn méjì yòókù, ìpele kan ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ìpele mẹ́ta ló wà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba méjì ló borí. Ó tún ní ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń dorí èèyàn kodò gún ilẹ̀, martinete ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá dán an wò ti pàdánù. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ káwọn ọmọ yan ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n máa gbè. Obìnrin yan técnico. Ọkùnrin, tó sunkún lọ́jọ́sí, yan rudo.

Níta gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń ta ìbòjú, lórí igi tí wọ́n to ọ̀pọ̀ orí sí. Ẹ ra ti ọmọdé, ẹ má ra ti àgbà kí ẹ ní ó máa dàgbà dé ibẹ̀, torí ihò ojú ò ní bá ojú rẹ̀ dọ́gba, kò sì ní ríran. Kí ẹ yan èyí tí ihò imú rẹ̀ fẹ̀. Dúdú tó ní àwòrán iná pupa lójú ni tiwa. Bí mo ṣe ń so okùn rẹ̀ lẹ́yìn orí rẹ̀, òórùn aṣọ tuntun ń jáde lára rẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí kíkankíkan nínú rẹ̀. Ó ní, “Daddy, ẹ má pe orúkọ mi mọ́ o.”

Ìlà kẹwàá la jókòó sí, lẹ́bàá ọ̀nà táwọn oníjàkadì ń gbà wọlé. Ọmọ lè sáré lọ síbi irin tí wọ́n fi dínà, kó nawọ́, kí wọ́n sì gbá a lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá, kò sì sẹ́ni tó máa já lé e lórí. Màmá àgbà kan wà lẹ́yìn wa tó ń fi gbogbo ohùn rẹ̀ bú àwọn rudo. Ó rí i pé ọmọ mi ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, ó gbá a léjìká pẹ́pẹ́, ó mi ìka sí i bí ìyá tó ń bá ọmọ wí, ó wá bu ẹ̀pà oníata kún ọwọ́ rẹ̀. Títí tó fi parí làwọn méjèèjì ń jà síra wọn báyìí.

Ìjà àwọn obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Amọ̀nà sọ fún ọmọ mi obìnrin pé títí di 1986, wọn ò gba obìnrin láyè láti jàkadì nínú ìlú yẹn. Kò gbàgbé rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò ní fi pa mọ́ fún yín, torí òbí Yorùbá ni yín. Èébú pọ̀ lẹ́nu èrò, èébú gidi, ọmọdé náà ń bú. Tí àwọn ọmọ yín bá ń kọ́ èdè Sípáníìṣì nílé ìwé bíi tèmi, wọ́n máa gbọ́ ọ yé. Èmi sọ fún tèmi pé inú gbọ̀ngàn yẹn ni ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé, kò gbọdọ̀ bá wa délé. Àwọn ọmọge tí aṣọ wọn ò pọ̀ sì máa ń bá àwọn oníjàkadì jáde. Ẹ ti mọ̀ báyìí, ẹ̀yin lẹ máa pinnu.

Ọmọ yín ọlọ́dún 9 á béèrè bóyá irọ́ ni ìjà náà. Ẹ má sọ fún un pé kò dun ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń ṣubú, wọ́n sì máa ń ṣe ìdánwò kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ. Ní oṣù kẹta 2015, oníjàkadì kan tó ń jẹ́ Hijo del Perro Aguayo kú látàrí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nínú ríǹgì ní Tijuana. Mi ò sọ ìyẹn fún ọmọ mi kékeré. Ohun tí mo sọ fún un ni pé àwọn méjèèjì ń ṣọ́ ara wọn kí ẹnì kan má baà kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí wọ́n ṣe ń di ara wọn mú.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Ìlú náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 2,240, orí fọ́ àwọn ọmọ mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹta ni ara wọn tó balẹ̀. Ẹ mú ohun ìbotí dání fún ẹni ọdún 6 yẹn, torí wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń fi fèrè àti igi aláriwo tí wọ́n ń yí lọ́wọ́ pariwo. Fóònù ò ní wàhálà, àmọ́ kámẹ́rà ńlá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mú yín dé ìjókòó yín, ẹ fún un ní péésò díẹ̀.

Ṣé kí ẹ dá lọ? Ẹ lè ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra yín níbi tí wọ́n ti ń tà á lẹ́nu gbọ̀ngàn, tí ẹ bá gbọ́ Sípáníìṣì díẹ̀ kò le. Àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọmọ ọdún 6, èmi á sanwó fún amọ̀nà tó dáa, torí àwo ẹ̀pà yẹn. Ẹ sọ Sọ́ńdè tí ẹ máa wà níbẹ̀ fún mi, kí n kọ àwọn ìbéèrè mẹ́ta yẹn ní èdè Sípáníìṣì fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀.