Ẹrù ẹni tó ń dá lúwẹ̀ẹ́

Ẹ ní ẹ̀ ń dá rin ìrìn àjò lọ sí ìlú etíkun, ẹ ò mọ ẹni tí yóò ṣọ́ ẹrù bí ẹ bá wọ omi.

Ẹ má gbé páásípọ́ọ̀tù dé etí omi rárá. Ilé tí ẹ dé sí ni kó wà, kí ẹ fi agádágodo tiyín tì í. Owó ọjọ́ yẹn nìkan ni kí ẹ mú dání.

Fóònù àti owó á wà nínú àpò ọ̀rá tí omi kì í wọ̀, lọ́rùn yín. Àmọ́ ẹ dán an wò ná: ẹ fi tíṣù gbígbẹ sínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ rì sínú korobá omi fún ìṣẹ́jú 30. Bí tíṣù bá rin, ẹ má lò ó. Iyanrìn tó há sẹ́nu rẹ̀ ló sábà ń mú un jò. Ẹ nù ún dáadáa kí ẹ tó pa á dé.

Bí omi bá dákẹ́ nìyẹn o. Bó bá ń ru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ̀ ọ́.