Ṣé omi iyọ̀ ọbẹ̀ lè fa proteoglycan (purotéènì tí okùn ṣúgà so mọ́ lára) jáde lára eegun rírọ̀ màlúù?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkòròdú ló bi wá. Ó ra imú màlúù lọ́wọ́ alápatà, ó gé eegun rírọ̀ inú rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ ọbẹ̀ mọ́jú, ohun tó rí kò tó nǹkan.

Iyọ̀ yẹn ni kò tọ́. Omi òkun Badagry gan-an kò lè ṣe é! Aggrecan, tó pọ̀ jù nínú proteoglycan ibẹ̀, kì í dá dúró. Ọ̀pọ̀ wọn ló rọ̀ mọ́ okùn ṣúgà gígùn kan ṣoṣo tó ń jẹ́ hyaluronan, purotéènì kékeré kan sì dè wọ́n pinpin. Ìdìpọ̀ yẹn tóbi ju kó yọ́ gba àárín àwọ̀n collagen, purotéènì bí okùn tó di eegun rírọ̀ mú, kọjá lọ.

Iyọ̀ kẹ́míkà kan, guanidine hydrochloride 4 M (M ni ìwọ̀n bí èròjà ṣe pọ̀ tó nínú omi), ló ń tú ìdè náà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Sajdera àti Hascall ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1969, lórí eegun imú màlúù kan náà. Magnesium chloride 3 M tàbí calcium chloride 2 M náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n má dà á ní àdàjù, nítorí bó bá kọjá ìwọ̀n, èyí tó ń jáde á tún dín kù.

Gé eegun náà wẹ́wẹ́, rẹ ẹ́ sínú omi guanidine tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan tó) jẹ́ 5.8, kó o máa rò ó fún wákàtí 24 sí 48 ní 4°C. Fi èròjà tó ń dá ẹ́ńsáìmù ajẹpurotéènì lẹ́kun sí i. Tọ́jú yìnyín sítòsí o, ẹ kúkú mọ ọ̀rọ̀ iná wa.

Bó o bá wá fi dialysis (fífi awọ tín-ín-rín sẹ́ èròjà kéékèèké jáde) dín guanidine náà kù sí nǹkan bí 0.5 M, aggrecan á tún padà so mọ́ hyaluronan.