Báwo ni mo ṣe lè yọ fọ́tò àtijọ́ tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù?

Ẹ má fà á ní gbígbẹ o. Ojú fọ́tò tí wọ́n fọ̀ nílé fọ́tò ní jẹ́látìn lára, ìyẹn ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó di àwòrán mú. Ọ̀rinrin òjò máa ń jẹ́ kó rọ̀, kó sì lẹ̀ bí àtè. Tí ẹ bá fà á, ojú ẹni tó wà nínú fọ́tò á kù sára gíláàsì.

Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù yà á láti ojú gíláàsì, lójúmọmọ, láìtan fíláàṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ kán omi ẹyọ kan sí igun rẹ̀ níbi tí kò ti lẹ̀. Tí àwọ̀ bá ṣàn, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ fi í sílẹ̀ lára gíláàsì. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, tàbí pé ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún.

Tí kò bá ṣàn, ẹ gbé gíláàsì àti fọ́tò sínú abọ́ pẹrẹsẹ, ẹ da omi tútù inú ọ̀rá lé e títí á fi bò ó. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á ba jẹ́látìn jẹ́. Ó lè tó ìṣẹ́jú 20 sí 30, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí etí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ rọra máa ká a láti igun; ibi tó bá ṣì le, ẹ dá a padà sómi. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun níbòòji, kójú rẹ̀ wòkè.

Nígbà tí ẹ bá máa dá a padà sí férémù, ẹ fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká kí ojú fọ́tò má kan gíláàsì mọ́. Má gbé e kọ́ sára ògiri tí òjò ń nà.